Ṣé lóòótọ́ ni fíìmù oníjà àti géèmù ń ba ọmọ jẹ́? Ẹ gbà mí lọ́wọ́ bàbá àwọn ọmọ mi o

ÌyáDúnmọ́lá (Surulere)

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin òbí. Ọ̀rọ̀ kan ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé mi. Ilé ìwé àwọn ọmọ mi fi lẹ́tà ránṣẹ́ sílé pé kí òbí kankan má jẹ́ kọ́mọ ẹ̀ wo fíìmù oníjà tàbí kó gbá géèmù oníbọn mọ́, wọ́n ní òun ló ń sọ ọmọ di jàǹdùkú, wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn onímọ̀ ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀, wọn ò wá sọ onímọ̀ wo. Bàbá wọn ka lẹ́tà yẹn ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní fíìmù Ṣáínà lòun fi dàgbà ní Aguda, ṣé òun wá di jàǹdùkú ni? Èmi ò mọ èyí tí mo máa gbà. Àkọ́bí mi ọkùnrin ti pé ọmọ ọdún 11, àbúrò ẹ̀ obìnrin jẹ́ 5. Ẹni tó bá mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí dáadáa kó là á yé mi, kì í ṣe ìwàásù ni mò ń wá o, ẹ jọ̀ọ́.

OmoIsaleEko

Bàbá wọn sọ òótọ́ jàre. Àwa tá a dàgbà sí Ìsàlẹ̀ Èkó ńkọ́, Ìdúmọ̀tà tí wọ́n ti ń ta fíìmù ò jìnnà sílé wa, èyí tó bá jáde láàárọ̀ la máa ń wò lálẹ́, àdá, ìbọn, oògùn owó, kí la ò wò tán? Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣiṣẹ́ ní Marina lónìí tó ń wọ táì. Àwọn tó di ọmọ ìta ládùúgbò wa, àwọn míì nínú wọn ò tiẹ̀ ní tẹlifíṣàn nílé rárá. Ebi, àìríléèwé lọ, bàbá tó sá lọ, ìyẹn ni kẹ́ ẹ wádìí. Ilé ìwé yẹn kàn ń wá ẹni tó máa di ẹ̀bi rù ni.

Pásítọ̀Ketu

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ gbé ọmọ yín lé Olúwa lọ́wọ́, ẹ gba tẹlifíṣàn yẹn kúrò nílé.

OmoIsaleEko

Pásítọ̀, ó ní kì í ṣe ìwàásù lòun ń wá 😂

TíṣàÈbútéMẹ́ta

Ẹ rọra ná ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹnì kan ò sọ pé gbogbo ẹni tó bá wo fíìmù ló máa di ọmọ ìta. Tíṣà ọmọ kéékèèké ni mí, ohun tọ́mọ bá wò lálẹ́ ló ń gbé wá síléèwé láàárọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ọmọ ọdún 4 tó fi rúlà ṣe ìbọn, tó ní kí ẹnì kejì dojú bolẹ̀, ẹ má bi mí níbi tó ti kọ́ ọ.

Onímọ̀ tí lẹ́tà yẹn ń sọ, ó jọ pé Albert Bandura ni, torí òun ni gbogbo wa kà nígbà tá à ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà. Ọdún 1961 ló ṣe é ní yunifásítì Stanford, ní Amẹ́ríkà. Ọmọ jéléósinmi 72 ni wọ́n kó jọ. Wọ́n gbé bèbí ńlá kan sílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú, téèyàn bá gbá a ṣubú á tún dìde fúnra ẹ̀, Bobo lorúkọ tí wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọ kan rí àgbàlagbà tó ń lu bèbí yẹn, ó fi òòlù onígi gbá a lórí, ó ta á nípàá, ó ń pariwo mọ́ ọn. Àwọn kan rí àgbàlagbà tó jókòó jẹ́jẹ́ tó ń fi nǹkan míì ṣeré, àwọn tó kù ò rí nǹkan kan. Wọ́n wá gba ohun ìṣeré tó wu àwọn ọmọ yìí lọ́wọ́ wọn kínú lè bí wọn díẹ̀, wọ́n kó wọn wọ yàrá tí Bobo wà. Àwọn tó rí ìjà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í lu bèbí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe rí i, kódà ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà yẹn sọ gan-an ni wọ́n ń sọ. Lọ́dún 1963 wọ́n tún un ṣe, fíìmù ni wọ́n fi hàn wọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ìyẹn náà mú wọn. Ẹ wò ó, ọmọdé ò nílò kẹ́ni kan kọ́ òun, ojú ẹ̀ ti tó.

ÒgáGéèmù (Mushin)

Tíṣà, ẹ jẹ́ n bi yín o. Bèbí tó jẹ́ pé wọ́n ṣe é kí wọ́n máa gbá a ni, tó ń ṣubú tó ń dìde, kí lẹ fẹ́ kọ́mọ fi ṣe, kó bá a gbàdúrà ni? Ṣé ọmọ yẹn padà lọ lu ọmọ ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ nílé? Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ sọ fún wa nìyẹn.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù géèmù ní Mushin, mo ti wà nídìí ẹ̀ látìgbà PS2. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń là wọ́n níjà: géèmù bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń jà sí jù. Ọmọ á máa yìnbọn nínú géèmù láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà, àmọ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ ní góòlù kan báyìí nígbà tí bọ́ọ̀lù fẹ́ parí, á ju páàdì mọ́lẹ̀, á ní ẹnì kejì ń ṣe ojóró, kẹ́ ẹ tó mọ̀ wọ́n ti di ara wọn mú ní ṣẹ́ẹ̀tì. Tó bá wá jẹ́ pé wọ́n fi owó síbẹ̀ ńkọ́, ẹ ẹ̀ ní fẹ́ wà níbẹ̀. Mi ò tíì rí ilé ìwé tó kọ lẹ́tà pé kọ́mọ má gbá géèmù bọ́ọ̀lù mọ́.

OmoIsaleEko

"Kó bá a gbàdúrà" 😂😂😂 ọ̀gá géèmù ẹ ti pa mí

Nọ́ọ̀sìYaba

ÒgáGéèmù ò parọ́ o. Àwọn olùwádìí méjì ní Kánádà, Adachi àti Willoughby, ti yẹ irú ọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí wò lọ́dún 2011. Wọ́n mú géèmù oníjà àtèyí tí ò ní ìjà, àmọ́ tí ìdíje inú méjèèjì jọra, wọ́n rí i pé kò síyàtọ̀ nínú bí wọ́n ṣe ń kanra lẹ́yìn ẹ̀. Ìgbà tí ìdíje inú ẹ̀ bá pọ̀ ni ara ń gbóná. Àwọn ọmọ yunifásítì ni wọ́n fi ṣe é o, kì í ṣe ọmọdé, kẹ́ ẹ má lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù.

Lẹ́tà ilé ìwé yẹn da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Ọ̀tọ̀ ni kọ́mọ máa tètè bínú, kó máa ti èèyàn, kó máa búni. Ọ̀tọ̀ ni kó gbé ọ̀bẹ. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìrònú àti ìhùwàsí ní Amẹ́ríkà, APA làwọn èèyàn ń pè é, sọ lọ́dún 2015 pé géèmù oníjà ń dá kún ti àkọ́kọ́ yẹn. Ní 2020 wọ́n tún un gbé yẹ̀ wò, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ń dá kún un díẹ̀, àmọ́ kò sí ẹ̀rí tó tó pé òun ló ń fa kéèyàn ṣe ẹlòmíì léṣe, wọ́n tiẹ̀ ní ẹni tó bá ń di gbogbo ẹ̀ ru géèmù kò ní jẹ́ ká rí nǹkan tó ń fà á. Ẹ rí i pé OmoIsaleEko àti wọ́n fẹ́ jọ ń sọ nǹkan kan náà níbẹ̀ yẹn. Ní England náà, Przybylski àti Weinstein gbé tiwọn jáde lọ́dún 2019, àwọn ọmọ ọdún 14 sí 15 bí ẹgbẹ̀rún kan, wọ́n bi àwọn ọmọ ní géèmù tí wọ́n ń gbá, wọ́n bi àwọn òbí bí ọmọ ṣe ń hùwà, wọn ò rí i pé ẹni tó ń gbá géèmù oníjà burú ju ẹni tí ò gbá lọ.

Ẹ wá gbọ́ apá kejì kẹ́ ẹ má tíì máa jó. Ọkùnrin kan ń jẹ́ Huesmann, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún 6 sí 10 ní Chicago látọdún 1977, wọ́n tọ́jú orúkọ wọn, lẹ́yìn bí ọdún 15 wọ́n lọ wá wọn kàn. Àwọn tó wo ìjà púpọ̀ lórí tẹlifíṣàn nígbà tí wọ́n kéré, tọkùnrin tobìnrin, ló ń jà jù nígbà tí wọ́n dàgbà, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti ro ti ipò òbí àti bí nǹkan ṣe rí nílé mọ́ ọn. 2003 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ẹ wo ọjọ́ orí o. Ti England, ọmọ ọdún 14 sí 15 ni, ti Chicago, ọmọ ọdún 6 sí 10 ni. Èmi ò rò pé wọ́n ń bára wọn jiyàn tó bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ. Ìyá Dúnmọ́lá, ọmọ yín tó jẹ́ 11 àtèyí tó jẹ́ 5, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín da ọ̀rọ̀ wọn pọ̀. Tí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, ti kékeré yẹn ni màá kọ́kọ́ gbájú mọ́.

ÌyáDúnmọ́lá (Surulere)

Nọ́ọ̀sì ẹ ṣé gan-an. Ẹ wá jẹ́ n bi yín, ti kékeré yẹn, ṣé ó tiẹ̀ mọ ohun tó ń wò ni? Yàrá kan àti páálọ̀ la ní, páálọ̀ làwọn ọmọ ń sùn sí. Bàbá wọn á dé láti ibi iṣẹ́ á tan tẹlifíṣàn, tí nẹ́pà bá wà á di aago mọ́kànlá, fíìmù ìbọn àti àdá ló fẹ́ràn, ọmọ náà á ti dùbúlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ẹ máa rò pé ó ti sùn ni. Mi ò lè lé ọkùnrin kúrò nínú páálọ̀ ẹ̀.

Nọ́ọ̀sìYaba

Ohun tó wò yẹn ò yé e, ìyẹn gan-an ni wàhálà ibẹ̀. Ọmọ tí ò tíì tó bí ọdún 7, ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí tí wọ́n ṣe ṣeré àtèyí tó ṣẹlẹ̀ kì í tíì dúró dáadáa lórí ẹ̀. Ẹ̀yin rí òṣèré tí wọ́n fi omi pupa kùn lára, òun rí ẹni tí wọ́n ṣá. Ẹ lè sọ fún un pé irọ́ ni, á mi orí fún yín, òru á tún dé.

Nítorí náà ibi tí mo máa ń wò nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti jàǹdùkú rárá, ti oorun ni. Ọmọ tí wọ́n gbé wá pé kì í sùn, pé ó ń tọ̀ sílé lẹ́yìn tó ti jáwọ́ ńbẹ̀, pé ó ń lọ́ mọ́ ìyá ẹ̀ lára, tẹ́ ẹ bá fara balẹ̀ bi wọ́n léèrè ohun tó ń wò, ẹ ó gbọ́ nǹkan. Kì í ṣe gbogbo ìgbà o, ibà àti kòkòrò inú náà wà níbẹ̀.

Àwọn kan ní Seattle, Christakis àti Garrison wà lára wọn, ṣe iṣẹ́ kan tó wù mí gan-an, ọdún 2013 ló jáde. Òbí 565 tọ́mọ wọn wà láàárín ọdún 3 sí 5. Wọn ò ní kí wọ́n pa tẹlifíṣàn o, wọn ò tiẹ̀ ní kí wọ́n dín wákàtí kù, ìdajì nínú wọn ni wọ́n kàn bá sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n fi fíìmù tó ń kọ́mọ ní nǹkan rọ́pò èyí tó ní ìjà, kí wọ́n sì máa jókòó tì wọ́n wò ó. Lẹ́yìn oṣù 6, ìwà àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ti dáa ju tàwọn tó kù lọ, àwọn ọmọkùnrin ilé tí ò lówó ló jèrè ẹ̀ jù. Ó yàtọ̀ sí ti pásítọ̀ tó ní ká gbé tẹlifíṣàn jù síta.

Pásítọ̀Ketu

Mo gbọ́ o.

Ẹ̀gbọ́nCampos

Mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ látàárọ̀. Ẹ ń sọ̀rọ̀ fíìmù, ẹ ń sọ̀rọ̀ géèmù, ẹnì kan ò tíì dárúkọ WhatsApp. Èyí tí mò ń bẹ̀rù nìyẹn. Nínú fíìmù, òṣèré tí wọ́n pa lónìí á tún jáde nínú fíìmù míì lọ́la. Fídíò tí àwọn àgbàlagbà ń fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, olè tí wọ́n sọ táyà sí lọ́rùn, ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn tí wọ́n gé lórí, jàǹbá ọkọ̀ lórí Third Mainland tí wọ́n sún kámẹ́rà mọ́ ọgbẹ́, ìyẹn kì í ṣe eré, àwa náà la sì ń fi í sórí gúrúùpù ẹbí. A ó wá kọ "ẹ má jẹ́ kọ́mọdé wò ó o" sábẹ́ ẹ̀. Fóònù yẹn ló wà lọ́wọ́ ọmọ tó ń gbá géèmù lórí ẹ̀! Ọmọ á wọ gálẹ̀rì, á bá a níbẹ̀.

October 2020, tí wọ́n yìnbọn ní Lekki, fóònù làwọn ọmọ fi rí i, lórí Instagram ló ti ń jáde lójú ẹsẹ̀, ilé wo ni wọn ò ti wò ó l'Ékòó yìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò gbà láti gba ọ̀nà Lekki kọjá fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ẹ̀, ilé wa ò sì súnmọ́ ibẹ̀ rárá.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ George Gerbner, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà ní ìparí àwọn ọdún 1960, ohun tó sọ wọ̀ mí lára ju ti Bandura lọ. Ó ní wàhálà ẹni tó ń wo ìwà ipá púpọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ pé á lọ lu èèyàn, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé á gbà pé ayé burú ju bó ṣe burú lọ, kò ní fọkàn tán ẹnikẹ́ni mọ́. Lọ́dún 2013 tí bọ́ǹbù dún níbi eré ìje Boston, àwọn olùwádìí rí i pé àwọn tó ń wo ìròyìn ẹ̀ fún wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ ní ìpayà ju àwọn tó wà níbẹ̀ gan-an lọ. Àgbàlagbà nìyẹn o. Ọmọ ọdún 8 ńkọ́?

TíṣàÈbútéMẹ́ta

Ẹ̀gbọ́n, ẹ wí i tán. Ọmọ kíláàsì mi kan ló ya àwòrán èèyàn tó ń jó nínú iná lọ́jọ́ tí mo ní kí wọ́n ya "àdúgbò mi". Mo bi í pé níbo lo ti rí i. Ó ní lórí fóònù mọ́mì.

ÀǹtíBùsọ́lá (Yaba)

Èmi náà ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ, ẹ má bínú sí mi. Òbí tó ní kọ́mọ má wo ìjà lórí tẹlifíṣàn, tó wá ń fi bẹ́líìtì àti wáyà na ọmọ kan náà torí pé ó ta omi sílẹ̀, kí lẹ máa pe ìyẹn? Bèbí Bobo yẹn, àgbàlagbà ló lù ú tọ́mọ fi kọ́ ọ, kì í ṣe katúùnù.

OmoIsaleEko

Àǹtí ẹ ti tún dé ibòmíì o. Nínà ni wọ́n fi tọ́ wa, ẹ má jẹ́ ká sọ ọmọ di ọmọ òyìnbó.

ÀǹtíBùsọ́lá (Yaba)

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má bá ọmọ wí. Wáyà ni mo dárúkọ.

OmoIsaleEko

Tó bá jẹ́ ti wáyà, mo gbà. Pàṣán ńkọ́?

Nọ́ọ̀sìYaba

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ ṣí tiyín lọ́tọ̀ 😂 àmọ́ òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣe ìwádìí yìí, látọ̀dọ̀ àwọn tó gbà àtàwọn tí ò gbà, ibi tí wọ́n ti pàdé ni pé ilé tí wọ́n ti ń lu ara wọn lágbára lórí ọmọ ju géèmù kankan lọ.

BàbáKékeré (Ojúẹlẹ́gba)

Ìjọba dà nínú gbogbo ẹ̀? Ṣebí wọ́n ní àjọ tó ń yẹ fíìmù wò.

Ẹ̀gbọ́nCampos

Wọ́n wà. Òfin tó dá wọn sílẹ̀ ti wà látọdún 1993, NFVCB, àwọn ló ń fi 12, 15 tàbí 18 sára fíìmù. Lọ́dún 2024 wọ́n tún gbé ìlànà jáde lórí oògùn owó, ìpànìyàn ṣe ètùtù àti sìgá mímu, pé kí wọ́n má máa ṣe é nínú fíìmù, fídíò orin àti skit bíi nǹkan àmúyangàn. Ó dáa. Àmọ́ ta ló ń wo nọ́ńbà ara páálí? Fíìmù tó wà lórí YouTube, ọmọ tẹ̀ ẹ́, ó ṣí. Ẹ̀yin onígéèmù náà ńkọ́, GTA San Andreas tó jáde lọ́dún 2004, ọmọ ọdún 17 sókè ni Amẹ́ríkà kọ sára ẹ̀, England kọ 18. Ọmọ ọdún mélòó ló ń gbá a nínú ṣọ́ọ̀bù yín, ọ̀gá?

ÒgáGéèmù (Mushin)

Ẹ̀gbọ́n ẹ ti mú mi o 😅 Nínú ṣọ́ọ̀bù tèmi ọmọ tó bá wọ yúnífọ́ọ̀mù kì í wọlé, ọmọdé tó bá wá lọ́jọ́ Sátidé, bọ́ọ̀lù àti eré ìje mọ́tò ni mò ń ṣí fún un. Àmọ́ mi ò ní purọ́, ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú mi ń ṣí gbogbo ẹ̀, tí mo bá lé ọmọ, ọ̀hún ló ń gbà lọ, owó mi náà á bá a lọ. Ẹ̀yin òbí ló yẹ kẹ́ ẹ wá wo ibi tọ́mọ yín ń náwó sí. Ó pẹ́ tí òbí kan ti wọ ṣọ́ọ̀bù mi láti béèrè ohun tọ́mọ ẹ̀ ń gbá, wọ́n kàn máa ń wá fa ọmọ létí jáde ni.

ÌyáDúnmọ́lá (Surulere)

Ẹ ṣé gbogbo yín. Mo ka èyí tí nọ́ọ̀sì kọ fún bàbá wọn, kò dáhùn, àmọ́ ó ní kí n máa gbé ọmọbìnrin yẹn lọ sùn sí yàrá wa kóun tó tan nǹkan òun. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, màá jẹ́ kó máa gbá géèmù ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, màá ti ìdí ẹ̀ jókòó kí n mọ èyí tó ń gbá. Tí ilé ìwé bá bi mí màá ní mo ti ka lẹ́tà wọn. Èyí tó ń dùn mí jù báyìí ni ti WhatsApp tí Ẹ̀gbọ́nCampos sọ, torí fóònù mi ni kékeré yẹn fi ń wo katúùnù, mo sì wà nínú gúrúùpù ọjà tí mi ò mọ nǹkan tí wọn kì í fi síbẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí fídíò wọn ò fi ní máa wọ gálẹ̀rì mi?

Ẹ̀gbọ́nCampos

Ẹ wọ WhatsApp, ẹ tẹ Settings, ẹ lọ sí Storage and data, ẹ máa rí Media auto-download. Ẹ yọ fídíò kúrò níbẹ̀, ti dátà àti ti Wi-Fi. Kò ní wọlé fúnra ẹ̀ mọ́ àfi tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, dátà yín náà á sì pẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí èyí tẹ́ ẹ tẹ̀ gan-an má hàn ní gálẹ̀rì, ẹ padà sí Settings, ẹ wọ Chats, ẹ pa Media visibility. Ti Android ni mò ń sọ o. Kẹ́ ẹ sì fi YouTube Kids sórí ẹ̀ fún un, ẹ yé jẹ́ kó wọ YouTube àgbà.

BàbáKékeré (Ojúẹlẹ́gba)

Ti tẹlifíṣàn ńkọ́? Tèmi, katúùnù á parí, YouTube á tún fúnra ẹ̀ gbé nǹkan míì sí i, ọmọ á jókòó síbẹ̀.

Nọ́ọ̀sìYaba

Autoplay nìyẹn sà. Ẹ wọ Settings inú YouTube lórí tẹlifíṣàn yẹn, ẹ máa rí Autoplay níbẹ̀, ẹ pa á.

BàbáKékeré (Ojúẹlẹ́gba)

Mo ti rí i. Ọmọ ti ń sunkún o 😂